Ìkómọ Létí Òkun

Ọjọ́bọ̀, 28 Júláì 1994. Dópẹ́mu

Wọ́n ti mú Olúgbénró. Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ló sáré wá sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀. Ó ní inú ilé ìwẹ̀ ni àwọn èèyàn ìjọba ológun ti fà á jáde, ọṣẹ ṣì wà létí ẹ̀. Odidi alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́! Nítorí pé ilé iṣẹ́ aṣọ wọn dára pọ̀ mọ́ ìyanṣẹ́lódì àwọn elépo, wọ́n fa bàbá ọlọ́mọ jáde ní ìhòòhò. Ẹni tó mú alága, ta ló kù tó máa wá mú bí kì í bá ṣe akọ̀wé? Mo bi Yẹ̀kínì bẹ́ẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ọkọ mi, akọ̀wé ẹgbẹ́, jókòó, ó ń mu ògì. Mo ní, "Bàbá Ìbílọlá, ògì lẹ ṣì ń mu?" Ó ní ṣé ebi kì í pa ẹni tí wọ́n ń wá ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Oyún oṣù mẹ́jọ yìí ń mú mi sunkún sí nǹkan tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó nǹkan.

Ọkọ̀ Pijó kan ti wà lẹ́nu àdúgbò láti àná. Ọkùnrin méjì ló wà nínú ẹ̀. Ìyá Kaothar tó ń ta búrẹ́dì níbẹ̀ ní wọn ò ra nǹkan kan, wọn ò sì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú ní gbogbo Agége, àwọn kan sùn mọ́jú lórí ìlà, síbẹ̀ tiwọn ń jó lórí ìdúró láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló ń fún wọn lépo? Ẹ̀rù ń bà mí.

Àbámẹ́ta, 30 Júláì

Ọ̀gá Reuben ti fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́ láti Ọmọ́lẹ̀. Bàbá yìí ni ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ wọn kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn ọkọ mi bí ọmọ. Ó ní ilé ìsinmi kan létí òkun, tí àwọn òyìnbó máa ń háyà lópin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí ìlú ti dàrú kò sẹ́ni tó lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ní ká lọ gbafẹ́, pé tí ẹnikẹ́ni bá bi wá, ká ní dókítà ní kí aboyún lọ gba atẹ́gùn òkun.

Èmi Sùlíyá tó ń ránṣọ ní Dópẹ́mu, gbafẹ́! Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni mo gbafẹ́ gbẹ̀yìn.

Yẹ̀kínì àti ìyá ọkọ mi nìkan ló mọ ibi tí à ń lọ. Ọkọ mi sọ fún Ìyá lẹ́ẹ̀mẹta pé kò gbọdọ̀ dé etí ẹlòmíràn. Ìyá fọwọ́ lu àyà, ó ní, "Abdulafeez, ṣé ẹnu ajá lo rò pé mo ní ni?"

Ọjọ́ Ajé, 1 Ọ́gọ́ọ̀sì. Etí òkun

A ti dé. Láti Mile 2 la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìbílọlá bì sí mi lára, èmi náà bì sẹ́yìn ẹni tó jókòó níwájú mi, a ń bẹ̀bẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà a fẹsẹ̀ gba inú igbó àgbọn kọjá. A kò tíì rí nǹkan kan tí a fi ń gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí gbogbo ẹ̀rọ ìhunṣọ bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Òkun ni.

Dàwódù tó ń ṣọ́ ilé náà ló wá pàdé wa. Ọmọ abúlé tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ni. Ó wo ikùn mi, ó wo ojú ọkọ mi, kò bèèrè nǹkan kan, ó kàn gbé ẹrù. Mo fẹ́ràn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ilé pákó ni, wọ́n gbé e sórí òpó. Yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná, ibùsùn tó rọ̀ tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: kí àlejò gbé oúnjẹ ara ẹ̀ wá, kó sè é fúnra ẹ̀, kó fọ abọ́, kó ti gáàsì pa, kí wọ́n má sì ju ẹni mẹ́fà lọ. Mo bi ọkọ mi pé kí wá ni wọ́n ń sanwó fún, nígbà tó jẹ́ àwọn ni wọ́n máa sè, àwọn ni wọ́n máa fọ̀? Ó ní ohun táwọn òyìnbó ń pè ní ìsinmi nìyẹn. A jẹ́ pé gbogbo obìnrin Agége ló ti ń sinmi látọjọ́ tí wọ́n ti délé ọkọ.

Iwájú ilé, iyanrìn ni títí dé ibi omi. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, méjèèjì gùn wọnú òkun lọ kí ará ìta má baà rìn kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé etíkun àdáni ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọbẹ̀, òun náà ni ti inú igbó àgbọn tí a gbà wá. Ọkọ mi wo wáyà yẹn títí, inú ẹ̀ dùn. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó lè gba etí omi yọ sí wa."

Mo ní, "Àwa náà ńkọ́, tí a bá fẹ́ gba etí omi jáde?"

Ó wọlé lọ ti fèrèsé.

Àìkú, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò. Òkun ò sinmi láti àná. Mi ò rí omi tí àárẹ̀ kì í mú báyìí rí.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọ́gọ́ọ̀sì

Yẹ̀kínì wá. Ó gbé gàrí, ẹ̀wà, àti kẹrosíìnì wá, torí gáàsì ti tán lọ́jọ́ kẹta tí a dé. Ìgò kẹrosíìnì tí à ń rà ní náírà mẹ́ta ti di mẹ́wàá, ó ní tí kì í bá ṣe pé òun mọ ìyá tó ń tà á, òun ò bá má rí i. Òkè òkun kọ́ la wà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti òkè òkun dé la ṣe dì mọ́ ọn.

Ìròyìn tó mú wá ò dára. Wọ́n ti wá sílé. Wọ́n tú tìmùtìmù, wọ́n da ẹ̀rọ ìránṣọ mi dojú dé, wọ́n bi Ìyá pé ọmọ ẹ̀ dà. Ìyá ní ọmọ òun ti kó lọ sí Kánò pẹ̀lú ìyàwó aláìgbọràn kan tó fẹ́. Èmi ni ìyàwó aláìgbọràn! Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ń bèèrè Olúgbénró. Yẹ̀kínì ní ìyàwó Olúgbénró ń gbé oúnjẹ kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń sọ fún un pé àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó dojú kọ omi. Mo pè é jẹun lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé Olúgbénró ló ń rò, mo sì ń rò pé lọ́jọ́ kan èmi náà á máa gbé oúnjẹ kiri.

Ìṣẹ́gun, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ipa ẹsẹ̀ wà lórí iyanrìn láàárọ̀ yìí. Ìbílọlá ló kọ́kọ́ rí i, ó ń fẹsẹ̀ kékeré ẹ̀ tẹ inú ẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ẹni yìí ṣe tóbi tó." Ti bàtà ni. Apẹja kì í wọ bàtà. Ó ti ọ̀nà igbó àgbọn wá, ó dé iwájú fèrèsé wa, ó dúró níbẹ̀ (ó jìn níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ), ó sì padà.

Dàwódù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó ní bóyá ẹni tó ń wá àgbọn ni. Mo ní, "Bóyá." Òun náà mọ̀ pé àgbọn kì í hù lójú fèrèsé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá iyanrìn, bí ẹni pé ìdọ̀tí ló wà ńbẹ̀.

Láti òní lọ, Ìbílọlá ò gbọdọ̀ jáde láìsí èmi.

Jímọ̀, 19 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ilé àwọn tó wà lódìkejì wáyà ti wó sínú òkun. Lójú wa báyìí, lọ́sàn-án gangan. Iyanrìn yẹ̀ lọ lábẹ́ òpó, ilé náà wá kúnlẹ̀, ó dojúbolẹ̀. Àga kan léfòó jáde láti inú ẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Dàwódù ní òkun ti ń jẹ ilẹ̀ ibí yìí láti ìgbà tí òun wà lọ́mọdé, pé ibi tí bàbá òun ti ń ta ayò ti wà nínú ibú. Ó yọ pátákó etíkun àdáni, ó gbé e sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó máa gbé e sẹ́yìn lọ́dún yìí nìyẹn.

Mo ní ká máa lọ. Ọkọ mi ní, "Sùlíyá, níbo?"

Ọjọ́rú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti bímọ. Ọkùnrin! Alhamdulilahi.

Ó yẹ kó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ojúọlápé, ìyàwó Dàwódù, ló gbẹ̀bí mi. Obìnrin yẹn lọ́wọ́, ó sì lẹ́nu. Nígbà tí mo ń ké pé mo ti kú, ó ní, "Òkú kì í pariwo báyìí, ẹ tì í." Mo bú u, ó bú mi padà, ọmọ jáde láàárín èébú. Bàbá ẹ̀ ki ìpè àdúrà sí i létí, omi ń dà lójú ẹ̀. Látọjọ́ tí a ti fẹ́ra, mi ò rí ẹkún ẹ̀ rí. Ó ní, "Mo rí i. Kí wọ́n tó dé, mo rí i."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ láé.

Àbámẹ́ta, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì

Yẹ̀kínì ti mú Ìyá wá. Ìyá wẹ ọmọ, ó fà á lápá, ó fà á lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè, ó ní bàbá ẹ̀ gan-an ni, imú ni ò jọ, imú ìdílé mi ló gbé. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkómọ ló wá dìjà. Ọkọ mi ní àwa tí a wà nílé yìí nìkan, pẹ̀lú alùfáà abúlé, ó tán. Ìyá ní, "Ọmọ ọkùnrin àkọ́kọ́ tí o máa bí fún mi, ká sọ ọ́ lórúkọ bí ẹni jí i gbé? Ta ló máa ṣe àmín? Òkun?" Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀mí mi lẹ fi ń ṣeré yìí." Ìyá fà á dìde. Ó wá ní kò burú, òun gbà. Ó ní òun kàn máa padà sí Agége lọ gbé ata, ọṣẹ àti aṣọ tí òun fi pọn bàbá ẹ̀ wá, òun á dé kó tó di Ọjọ́rú.

Ìyá kì í tètè gbà báyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni màá sọ fún pé ìyá ọkọ mi gbọ́ràn jù?

Ọjọ́rú, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Sódìq lorúkọ ẹ̀. Sódìq Àkànní, ọmọ Abdulafeez Làsísì.

Alùfáà ti jókòó, ọkọ mi ti wọ búbá, a ń retí Ìyá. La bá gbọ́ orin wákà láti inú igbó àgbọn. Mo rò pé etí mi ni. Ojúọlápé yọjú síta, ó ní, "Ìyá Ìbílọlá, ẹ wá wo nǹkan." Gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ asàlátù Dópẹ́mu ni! Aṣọ funfun, gèlè funfun, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru ìrẹsì, wọ́n fa àgbò, wọ́n ń kọrin bọ̀ lórí iyanrìn tí wọ́n ní kí èèyàn má ju mẹ́fà lọ níbẹ̀. Ìyá ló ṣíwájú, ó ń jó.

Ọkọ mi di ilẹ̀kùn mú. Ìyá dì mọ́ ọn, ó ní, "Alhaja olórí asàlátù nìkan ni mo sọ fún, pé kó bá mi ṣe dùúà níkọ̀kọ̀. Àwọn ni wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí ọmọ wa dá nìkan wà." Kí lèèyàn fẹ́ sọ? Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé wọ́n wọ ọkọ̀ lójú òkun rírú, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò rí òkun rí, nítorí tiwa. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi ewu ọmọ. Mo bú sẹ́kún. Mo ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí kí èèyàn pọ̀ yí ẹni ká.

A gbàgbé ẹ̀rù. A kí, a gbàdúrà, wọ́n pa àgbò, wọ́n sè. Wọ́n gbé àwo sílẹ̀, oníkálùkù ń sọ owó sínú ẹ̀, ó ń fún ọmọ lórúkọ tiẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó wọ búbá aláwọ̀ sánmà, òun ló bá wọn ru àpò ìrẹsì láti ibi tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, òun náà ló bá wọn di àgbò mú. Èèyàn dáadáa. Àmín ẹ̀ ló dún jù. Nígbà tó kàn án, ó sọ owó tuntun sínú àwo, ó ní òun sọ ọmọ yìí ní Abíọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ò tíì dé, torí pé ojú òun ń rí ọdún lónìí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹran méjì kún tiẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ọbẹ̀ yìí dùn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi ẹkún jẹun.

Wọ́n tètè lọ torí omi. Ilé dákẹ́. Ọkọ mi gbé ọmọ, ó ń kọrin wákà wọn sí i létí.

Ọjọ́bọ̀, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ibi tí mo ti ń ka abọ́ mọ́ra ni mo ti bi Ìyá pé, "Ọkùnrin aláwọ̀ sánmà yẹn, ọkọ Alhaja ni?"

Ìyá ní, "Rárá o. Ṣebí ìdílé yín ni. Àbúrò òun ló pè ọ́."

Ìdílé mi kọ́. Mo pe ọkọ mi. Ó ní òun rò pé ará abúlé ni, ara àwọn Dàwódù. Dàwódù ní òun rò pé Agége ló ti bá wọn wá. Yẹ̀kínì tó sùn sílé wa lánàá ní inú ọkọ̀ ni òun ti rí i, ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó gbé ọmọ ẹnì kan lẹ́sẹ̀. Ta ló máa wá bi àlejò ìkómọ pé ta ló pè é? Ṣé a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹni tó bá wá bá ẹ yọ̀, wàá fún un lóúnjẹ ni.

Owó tuntun tó sọ sílẹ̀ wà nínú àwo lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ọkọ mi dìde, ó ní ká di ẹrù. Dàwódù sáré lọ wá ọkọ̀ ojú omi. Ó padà wá lálẹ́, ó ní kò sẹ́ni tó gbà láti lọ, pé ojú ọ̀run ti yí padà. Lọ́la, tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀.

Jímọ̀, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Afẹ́fẹ́ ò rọ̀. Omi ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ní kí Bàbá Ìbílọlá fẹsẹ̀ gba inú igbó lọ lóun nìkan, kó fi wá sílẹ̀. Ó gbéra, ó dé ibi igi àgbọn àkọ́kọ́, ó tún padà wá. Ó ní ọkọ̀ kankan ò sí, ibi tí òun ń lọ náà ò sí, kí òun wá lọ fi wá sílẹ̀ kí ilé wó lù wá. Mo bú u. Mo pè é ní òmùgọ̀, èmi tí mi ò pè é lórúkọ rí. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ sùn.

Àbámẹ́ta, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n ti mú un.

Oòrùn yọ lónìí, omi ṣì kún. Dàwódù àti Yẹ̀kínì ti lọ mú ọkọ̀ wá, a ti di ẹrù tán. Ọkọ mi ń sá aṣọ ìlédìí ọmọ sórí wáyà kó lè tètè gbẹ. Àwọn mẹ́fà jáde láti inú igbó àgbọn. Aláwọ̀ sánmà ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ló wọ̀ lónìí. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ìyá Sódìq, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọmọ ńkọ́?"

Ẹnu mi sì dáhùn kí n tó mọ̀. Mo ní, "A dúpẹ́. Ẹ ṣeun."

Ọkọ mi sáré. Kò síbi tó lè sá sí ju etí omi lọ. Ó fẹ́ gba orí wáyà lọ́tùn-ún yí, omi gbé e, ó dé àyà ẹ̀, ẹ̀gún fa búbá ẹ̀ ya. Ó sáré sí tòsì, bákan náà. Àwọn yẹn ò tilẹ̀ lé e. Wọ́n dúró lórí iyanrìn, wọ́n káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tó ń wẹ̀. Ìbílọlá ń ké, "Dádì, ẹ jáde nínú omi! Ẹ jáde nínú omi!" Ó gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀, ó dúró. Ó bá jáde.

Ìyá dojúbolẹ̀ níwájú wọn. Ó ní kí wọ́n mú òun. Wọ́n yẹ̀ fún un, wọ́n sì ń lọ. Mo ń sáré tẹ̀ lé wọn nínú igbó àgbọn tòun ti ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lára mi, títí ẹsẹ̀ mi ò fi gbé mi mọ́. Kò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé tó bá wẹ̀yìn, kò ní lè rìn.

Ìṣẹ́gun, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà. Dópẹ́mu

A ti padà sílé. Pijó yẹn ò sí lẹ́nu àdúgbò mọ́. Kí ló tún fẹ́ wá ṣe?

Àbámẹ́ta, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Èmi àti ìyàwó Olúgbénró la jọ ń gbé oúnjẹ kiri báyìí. Ó mọ gbogbo ọ̀nà, ó mọ sójà tó lójú àánú àti èyí tó máa ń da oúnjẹ nù. Níbi gbogbo, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì. Ìrẹsì tí a gbé lọ lónìí, a gbé e padà wálé, Ìbílọlá ló jẹ ẹ́.

Ìyá ò jẹun. Ó ń sọ pé, "Ẹnì kan péré ni mo sọ fún." Lóòjọ́, bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Inú ń bí mi sí i débi pé mi ò lè wo ojú ẹ̀, àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ní ọmọ-ọmọ ọkùnrin, ṣé màá dákẹ́? Mi ò mọ̀.

Mo ti ra ìdábùú tuntun sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá kanlẹ̀kùn, mo ń bi í: ta ni ẹ, ta ló rán ẹ, ta ló mọ̀ ẹ́ níbí? Lánàá mo bi Alhaja olórí asàlátù pàápàá. Ó sunkún lọ.

Àìkú, 2 Ọ̀któbà

Ogójì ọjọ́ Sódìq. Mo gbé e jáde síta, mo gbé e wọlé. A ò pe ẹnikẹ́ni. Ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 11 Ọ̀któbà

Wọ́n tún fẹ́ dán mi wò lónìí. Mi ò gbà fún wọn!

Ọ̀sán ni. Mo gbọ́ sálámà lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ọkùnrin kan. Wọ́n fá orí ẹ̀, ó rù, ṣẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Ó ní, "Ṣé ilé Làsísì nìyí?"

Mo ní, "Ta ló rán yín?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé, ìyàwó. Kò ṣe é sọ níta."

Ìyàwó! Bí aláwọ̀ sánmà ṣe pè mí ní àbúrò. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara mi gun orí. Mo ní, "Wọlé síbo? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ wá jẹ ìrẹsì ni? Ẹ ti mú un lọ, kí ló kù tí ẹ tún ń wá? Ẹ padà sọ fún àwọn tó rán yín pé Sùlíyá ò gò mọ́!" Mo pariwo débi pé àdúgbò jáde. Àwọn ọmọ tó ń tún táyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọkùnrin náà ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún wo àwọn èèyàn tó pé lé e lórí, ó fọwọ́ gbá àyà, ó yára bá tiẹ̀ lọ. Ó ń tiro.

Ìyá ní, "Tó bá jẹ́ èèyàn gidi ńkọ́?" Mo ní èyí tó bá jẹ́ gidi, kó sọ orúkọ ẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá, mo jẹun yó.

Ọjọ́rú, 12 Ọ̀któbà

Alùfáà mọ́ṣáláṣí wa fúnra ẹ̀ ló wá lẹ́yìn ìrun àsùbá. Ó jókòó, kò gba omi. Ó bi mí pé ṣé èmi ni mo lé ọkùnrin kan lánàá.

Inú yàrá kan náà lòun àti ọkọ mi ti wà. Ìjẹta ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé tó bá yanu sọ ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n á dá a padà. Ó sì ti ṣèlérí fún ọkọ mi pé etí mi nìkan lòun máa sọ ọ́ sí: ibi tí wọ́n wà, ẹni tí a lè rí, ohun tó ní kí n ṣe. Nígbà tí mo lé e, ó lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ fún Alùfáà pé, "Ẹ bá mi sọ fún obìnrin yẹn pé ó wà láàyè." Alùfáà ní kó sọ ìyókù. Ó ní rárá, àdúgbò ti rí ojú òun, ẹ̀rù ń ba òun. Kò dárúkọ ara ẹ̀, Alùfáà ò sì bi í. Ó kàn ní òun fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn òun lókè lọ́hùn-ún.

Mo sáré dé oríta Dópẹ́mu láìwọ bàtà, ọmọ lẹ́yìn. Mo bi àwọn awakọ̀, mo bi Ìyá Kaothar, mo bi àwọn tó ń pèrò sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ọkùnrin tó fárí, tó ń tiro, tí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tóbi. Ìyá Kaothar ní ó ra búrẹ́dì kékeré kan lọ́wọ́ òun lánàá, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀ lórí ìdúró. Kò mọ ọkọ̀ tó wọ̀.

Abdulafeez wà láàyè. Mo ti ń sọ ọ́ fún Sódìq láti àárọ̀. Ibi tó wà, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n tó lè sọ ọ́ fún mi, mo sì ti lé e lọ.

Mo ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. Ìyá ní kí n tì í, pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Mi ò tì í.